Wáyà Tí Mo Lọ́ Pọ̀ Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé mì láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá a bí ó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Ohun tí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé, ní Sakété, láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan mú irọ́ tí èmi fúnra mi bí, ó fi kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo mi orí. N ó dé ibẹ̀.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì, mo sì padà wá sí Pobè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń sọ̀rọ̀ lórí ràdíò ní agbègbè wa. Ọ̀tá tí mo yàn láàyò ni ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ jákujàku. Èkejì rẹ̀ ni ẹni tí ó bá gbé ẹ̀bi iṣẹ́ jákujàku náà lé òrìṣà tàbí àjẹ́ lórí. Mo bú wọn láìdá ẹnìkan sí. Mo ní bí ẹ̀rọ bá yarí, ẹ tú u, ẹ wò ó, ẹ yé wá ẹni tí ẹ máa lé nílé. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ẹnu mi. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Àtẹ́líyè kan, ilé iṣẹ́ ọwọ́, wà ní Pobè, ti ìdílé alágbẹ̀dẹ. Àwọn bàbá wọn rọ ọkọ́ àti àdá. Àwọn tòní ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹkùrọ́ àti èyí tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Bàbá ni gbogbo wa ń pe olórí wọn, n kò sì ní pè é ní ohun mìíràn níhìn-ín. Wọ́n ra ẹ̀rọ agbẹ́rin kan ní Kutọnu, àlòkù, èyí tí à ń pè ní fúrẹ́sọ̀sì ní ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí lókè, irin wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ a sì máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi rí bí ènìyàn ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tẹ̀ tí ń yí ọ̀bẹ náà ti jó. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo wá mọ́tẹ̀ mìíràn rí láàárín àwọn àlòkù tí ń ti òkè òkun wá, lára ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó máa ń sáré lórí rẹ̀ nínú ilé wọn. Irú iná tí ń jáde lára bátìrì ni ó ń jẹ. Bí iná tí ó wọ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni eré rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Àpótí kékeré kan ni ó ń bu iná fún un. Bọ́tìnnì kan wà lójú àpótí náà. Bí a bá yí i sí òsì, ọ̀bẹ á rọra yí. Bí a bá yí i sí ọ̀tún, á sáré.

Wáyà mẹ́ta ni ó ti ara bọ́tìnnì yẹn wọ inú àpótí. Ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń kó o lọ, ti àárín sì ń sọ fún àpótí bí iná tí a fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ fi ojú inú wo agbada kan tí omi ń dà sí láti òkè, tí ó sì lu nísàlẹ̀. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá ṣí, omi kò ní ga ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Bí ihò bá dí, agbada á kún dé ẹnu, kódà bí omi tí ń dà sí i kò ju díẹ̀ lọ. Bí wáyà tí ń kó iná lọ bá já, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bọ́tìnnì lè wà lápá òsì pátápátá, ọ̀bẹ á sáré dé òpin eré rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo ń so ó, wọ́n ti mú kúránù, iná mànàmáná, lọ. Òjé yíyọ́ ni ó yẹ kí n fi lẹ wáyà pọ̀ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n iná ni irin tí mo fi ń yọ́ òjé ń jẹ. Bàbá ń wò mí. Mùsé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, bí a ṣe ń pe alákọ̀wé.

“Mùsé, ṣé ooru lẹ ń wá? Ẹ wo ẹwìrì níwájú yín. Ẹ ki irin yín bọ iná.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ọkọ́ kọ́ lèyí o.”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gbà á. Mo fi ọwọ́ lọ́ àwọn wáyà náà pọ̀, mo wé sikọ́ọ̀ṣì dúdú, ọ̀rá tí ń lẹ̀, mọ́ wọn, mo ní n ó padà wá parí rẹ̀. Kúránù dé. Ọ̀bẹ yí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti ojú àpótí náà pa, mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i lẹ́yìn mi. N kò padà wá parí nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kan wà ní àtẹ́líyè yẹn. N ó pè é ní Àlákẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo ti yí abúlé tí ó ti wá àti ibi tí ó wà báyìí padà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá a kiri. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ní apá Issaba. Ó jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì wá tọrọ àyè lọ́dọ̀ Bàbá. Àwọn àbúrò Bàbá kùn. Bàbá ní, “Ẹni tó bá fẹ́ràn irin, irin á fẹ́ràn rẹ̀,” ó sì gbà á wọlé.

Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Mo sọ fún wọn pé irin líle ń fẹ́ ọ̀bẹ tí ó ń rọra yí. Mo ní ẹni tí ó bá fi eré gé irin líle, ọ̀bẹ ni ó fẹ́ bàjẹ́. Àwọn ọkùnrin gbọ́, wọ́n sì yí bọ́tìnnì sí ọ̀tún dé òpin lójoojúmọ́ ayé. Pùlí àlùmí, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, ni wọ́n sábà máa ń gé. Àlùmí rọ̀ ju irin líle lọ, ó lè gba eré mọ́ra. Àlákẹ́ ni ó ń gé ọ̀pá irin, tí ó ń gbẹ́ ojú tóóró sí i lára kí pùlí má baà máa yọ̀ lórí rẹ̀. Òun nìkan ni ó ṣe ohun tí mo sọ. Òun nìkan ni ó ń yí bọ́tìnnì sí òsì.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti rí ohun tí ó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n bí ó bá ń ṣiṣẹ́, wáyà tí mo lọ́ sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ọ̀bẹ ń rọra yí lábẹ́ ọwọ́ Àlákẹ́, àfi gbìì! Ó fò lọ sí òpin eré. Àlákẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Ó tún tàn án, ó rọra ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún ya wèrè. Bí wáyà bá kan ara wọn, àlàáfíà. Bí wọn kò bá kan ara wọn, ìjàǹbá. Lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, ìyàtọ̀ kankan kò sí, nítorí ibi tí wèrè náà ń sáré dé ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn.

Àbúrò Bàbá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Ó ní, “Àlákẹ́, kí lo fọwọ́ kàn kó o tó débí? Ẹ̀rọ yìí mọ ọkùnrin o. Bí mo bá dé bẹ̀, á tutù bí ìyàwó tuntun. Bí ìwọ bá dé bẹ̀, á máa ta bí ẹṣin tí agbọ́n ta!”

Wọ́n dán an wò lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá Kékeré kọ́kọ́ gbà á, ó yí bọ́tìnnì sí ọ̀tún dé òpin, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe. Àlákẹ́ gbà á, ó yí i sí òsì, ẹ̀rọ ya wèrè. Wọ́n tún dán an wò, bákan náà ni. Ẹ wò ó, ìdánwò gidi ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò mú dọ́gba, wọn kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ni èmi.

Nígbà tí ó yá, ọ̀bẹ náà ṣẹ́ sára irin líle. Èyí tí ó ṣẹ́ fò, ó dá páànù ògiri lu lókè orí Bàbá níbi tí ó jókòó sí. Kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà. Wọ́n ní Ògún ń bínú pé obìnrin ń fi ọwọ́ kan ohun tí í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka Bàbá sí ẹni burúkú. Kò fẹ́ lé ọmọ náà. Ó ní, “Ẹ pe Mùsé kọ́kọ́. Bí Mùsé bá rí nǹkan nínú àpótí yẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe.” Èmi ni ó gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo ti bú oníná kan ní Ahoyéyé lórí ràdíò. Ó lọ́ wáyà pọ̀ láìfi òjé lẹ̀ ẹ́, iná sì ṣẹ́ yọ nínú àká àgbàdo ẹnìkan. Mo pè é ní apànìyàn. Mo ní wáyà tí a lọ́ pọ̀ lásán, irọ́ tí a so mọ́ ògiri ni. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò rí iṣẹ́ ní àdúgbò rẹ̀ mọ́.

Mo dé àtẹ́líyè. Mo ṣí àpótí. Ó wà níbẹ̀. Sikọ́ọ̀ṣì ti yọ́, wáyà ti dúdú, ó rọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ bí eyín tí ó fẹ́ bọ́. Kò gba ìwádìí. Kúránù wà lọ́jọ́ náà. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo ti àpótí pa.

Bàbá bi mí pé, “Mùsé, kí lẹ rí?”

“N kò rí nǹkan kan, Bàbá.”

“Nǹkan kan rárá?”

“Rárá.”

Bàbá wo Àlákẹ́. Àlákẹ́ wò mí. Ó ń retí kí n fi nǹkan lé e, nítorí ó mọ ẹnu mi. Ó rò pé n ó yíjú sí wọn, n ó sì sọ ohun tí mo máa ń sọ lórí ràdíò. Mo kó irinṣẹ́ mi.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí o kò sọ pé wáyà kan bọ́ lásán? Mo ti bi ara mi. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọwọ́ mi nìkan ni ó tíì wọ inú àpótí yẹn. Bí mo bá ní wáyà bọ́, èmi ni mo so ó. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ohun tí mo pe ọkùnrin Ahoyéyé.

Wọ́n da epo sí ojú Ògún ilé wọn, wọ́n pa àkùkọ, wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún Àlákẹ́ pé kí ó máa lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò ya wèrè mọ́. Báwo ni yóò ṣe ya á? Mo ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lójú wọn, obìnrin lọ, àlàáfíà dé. Ẹ̀rí wo ni ó tún lè ju ìyẹn lọ? Èmi tí mo ti ń bá irú ìgbàgbọ́ yẹn jà láti ìgbà èwe mi, èmi ni mo fún un ní ẹ̀rí tí kò ní rí irú rẹ̀ gbà mọ́ láéláé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sọ̀rọ̀ lórí ràdíò nípa omi mímu.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ Sakété. Oníṣòwò kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ mí kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi náà, tí n ó pè ní Ràfíátù, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó fi ìbòrí tuntun borí, ó ń wo ẹ̀rọ ọ̀hún bí ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀gá náà kò mọ̀ mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àlàájì, ẹ ò gbọ́ ti Pobè ni? Fúrẹ́sọ̀sì kọ ọwọ́ obìnrin. Wọ́n pe ẹ̀njẹniọ̀ ńlá, ó tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kọ́mọ máa lọ, ẹ̀rọ gbádùn. Ṣé kémi náà wá dán an wò ni?”

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń gbé Pobè. Ṣé òótọ́ ni?”

Ojú Ràfíátù wà lára mi. Mo ní n kò mọ gbogbo bí ó ṣe lọ. Mo ní n ó wádìí rẹ̀. Mo sì mi orí, ẹ jọ̀ọ́, mo mi orí bí àgbà tí ń gba ọ̀rọ̀ rò.

Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó dáa náà. Kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ìyẹn ò ní fò mọ́ ọn lójú.”

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba Yoko lọ, ní ọ̀sán gangan, nítorí mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni Àlákẹ́ wà. Bí mo ti wí tẹ́lẹ̀, Yoko kọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ́kọ. Ó ń ta ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Mo jókòó sórí pákó tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọlọ́kadà kan dé, ó ní kí ó da ìgò kan sí i fún òun. Àlákẹ́ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó dà á, ó gba owó, ó nu ọwọ́.

“Wáyà wo ni?”

“Èyí tó ń kó iná lọ.”

“Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n,” ó ní. “Títí dòní, bí mo bá ń da ẹ̀sáǹsì, ọwọ́ mi ni mo máa ń wò, bóyá ó ń gbọ̀n.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó lọ sọ ọ́ ní gbangba. Mo ní n ó lọ sí Pobè, n ó tú òjé yẹn lójú Bàbá àti gbogbo ilé, n ó ní kí Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ yí bọ́tìnnì sí òsì láìsí irin lábẹ́ ọ̀bẹ, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i bí ẹ̀rọ yóò ṣe ya wèrè lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ó gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mùsé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ò mọ̀ pé èmi ni. Ìyá ọkọ mi máa ń pa ìtàn yẹn fáwọn ọmọ ilé, ó máa ń pa á títí a ó fi rẹ́rìn-ín. Ó ń pa á lójú mi. Èmi ni mo ń bu ọbẹ̀ fún un lọ́wọ́. Bí ẹ bá tú u, orúkọ mi á jáde. Wọn ò ní gbọ́ apá ti wáyà. Apá ti Ògún ni wọ́n máa gbọ́.”

“Ọmọ kan wà ní Sakété,” mo ní. “Wọn ò gba òun náà wọlé nítorí ìtàn yìí.”

Ó wo ojú ọ̀nà. “Tèmi ńkọ́? Ẹ dákẹ́ nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí tó yẹ kẹ́ ẹ dákẹ́ ni?”

Mo bèèrè bóyá ó dárí jì mí. Ó ní oníbàárà ń bọ̀, kí n jọ̀ọ́ dìde lórí pákó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo dúró sí nìyí. Bí mo bá lọ sí Pobè, mo lè pa irọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí n ó gbà pa á yóò kọjá lórí obìnrin tí mo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá dákẹ́, gbogbo ọmọbìnrin tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà àtẹ́líyè láti Pobè dé Sakété, èmi ni n ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ẹ má sọ fún mi pé aláìpé ni ènìyàn. Mo ti fi gbólóhùn yẹn gún àwọn ẹlòmíràn lójú, n kò yẹ fún un. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnìkan tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ sọ fún mi, obìnrin méjì yìí, ta ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀nà kan ha wà tí mo lè gbà là á fún ọ̀gá Sakété yẹn, kí n jẹ́ gbogbo ẹ̀bi náà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè orúkọ Àlákẹ́? Mo ti rò ó, kò yé mi. Gbogbo ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ń bèèrè orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì bèèrè tèmi.

Bí ẹ bá ní nǹkan láti sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Bàbá Ràfíátù ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní bí ilé ìwé bá ti padé, òun á fà á lé aránṣọ lọ́wọ́.